Ẹfolúṣọ̀n àti Iyè Ènìyàn: Ibi tí Ìmọ̀ Náà Dé àti Ibi tí Kò Dé

Ìbéèrè kan wà tí kò sí olùkọ́ tí yóò pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí tí ọmọ iléèwé kan kò ní bi í. Ìbéèrè náà ni èyí: ǹjẹ́ òótọ́ ni pé láti ara ẹranko ni ènìyàn ti wá? Bí olùkọ́ bá gbójú kúrò, ọmọ náà yóò rò pé ìbéèrè ni olùkọ́ rẹ̀ ń bẹ̀rù. Bí ó bá sì dáhùn láìmọ ìdí ọ̀rọ̀, yóò fi àbọ̀ òtítọ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, àbọ̀ òtítọ́ a sì máa pẹ́ lára ju irọ́ lọ. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nínú ìwé wa yìí, kí a mọ ohun tí àwọn amòye rí, ohun tí wọ́n rò mọ́ ọn, àti ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi orúkọ ìmọ̀ náà sọ tí kì í ṣe ti ìmọ̀ náà rárá.

Ẹfolúṣọ̀n ni a ń pe ẹ̀kọ́ náà. Ní ṣókí, ohun tí ó ń kọ́ni ni pé àwọn ẹ̀dá alààyè ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, àti pé àwọn irú ẹ̀dá tí a ń rí lónìí jẹ́ ìbátan ara wọn, bí a bá tọpa ìran wọn sẹ́yìn jìnnà tó. Ìmọ̀ nípa ara ẹ̀dá ni ó jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan sọ ọ́ di fìlọ́sọ́fì, èyí nì, ọgbọ́n kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ fi túmọ̀ ohun gbogbo: ìràwọ̀ ojú ọ̀run, igi inú igbó, ìwà àwùjọ, àti iyè tí ènìyàn fi ń ronú. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìmọ̀ yìí àti fìlọ́sọ́fì yìí ni ìdí ọ̀rọ̀ mi. Mo fẹ́ fi hàn pé ìmọ̀ náà dúró lórí ẹ̀rí tí ó le. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fi wọn iyè ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí iyè náà ń ṣe, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọlọ́gbọ́n ńlá ti kọsẹ̀.

Ohun tí Ìmọ̀ Náà Wí

Àgbẹ̀ kò ṣàìmọ ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó bá kórè àgbàdo, kì í fi èyí tí ó rán ṣe irúgbìn. Èyí tí hóró rẹ̀ tóbi tí ó sì kún ni ó ń so rọ̀ sí òkè ààrò, kí èéfín má jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́, kí ó lè gbìn ín ní ọdún tí ń bọ̀. Bí bàbá rẹ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀, tí bàbá bàbá rẹ̀ sì ti ṣe bẹ́ẹ̀, àgbàdo oko wọn kò lè rí bí ti àtijọ́ mọ́. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ń yan án.

Charles Darwin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní ọdún 1809, wí pé ayé fúnra rẹ̀ ń yan bẹ́ẹ̀ láìní ọwọ́. Ohun mẹ́rin ni ó tò pọ̀. Èkíní, àwọn ọmọ òbí kan kì í rí bákan náà. Èkejì, ọmọ a máa jogún ìrísí òbí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ọmọ tí àwọn ẹ̀dá ń bí pọ̀ ju èyí tí oúnjẹ àti àyè lè gbà lọ. Ẹ̀kẹrin, nítorí náà, èyí tí ìrísí rẹ̀ bá bá ibùgbé rẹ̀ mu ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni yóò sábà yè, tí yóò sì bí ọmọ tí yóò jogún ìrísí náà. Èyí ni ó pè ní yíyàn àdánidá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àròsọ lásán ni. Ní erékùṣù kékeré kan tí ń jẹ́ Daphne Major, láàrin àwọn erékùṣù Galápagos nínú Òkun Pàsífíìkì, Peter Grant àti aya rẹ̀ Rosemary máa ń wọn ẹnu àwọn ẹyẹ kéékèèké kan ní ọdọọdún nígbà kan rí. Ní ọdún 1977 ọ̀dá dá níbẹ̀. Àwọn èso wẹ́wẹ́ tí ó rọ̀ tán kíákíá, ó sì ku àwọn èso líle tí ẹnu kékeré kò lè fọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ẹyẹ náà kú. Àwọn tí ẹnu wọn nípọn ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó yè, àwọn ọmọ tí wọ́n sì bí lẹ́yìn náà ní ẹnu tí ó nípọn ju ti ìran tí ó ṣáájú ọ̀dá lọ. Kò sí ẹyẹ kan tí ó pinnu láti ní ẹnu ńlá. Ọ̀dá ni ó yan, ìjogún sì pa ohun tí ó yàn mọ́.

Ọkùnrin Méjì, Èrò Kan

Darwin fi ọkọ̀ ojú omi tí a ń pè ní Beagle yí ayé ká láti ìparí ọdún 1831 títí di ọdún 1836. Ṣáájú ìrìn àjò náà, nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Edinburgh, ọkùnrin adúláwọ̀ kan tí àwọn onítàn mọ̀ sí John Edmonstone, ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú rí ní Guyana, ni ó kọ́ ọ ní ọdún 1826 bí a ti ń tọ́jú awọ àti ìyẹ́ ẹyẹ kí ó má bàa jẹrà. Ìmọ̀ ọwọ́ yìí wúlò fún Darwin nígbà tí ó ń kó ẹyẹ jọ kiri ayé. Ọdún 1838 ni èrò yíyàn àdánidá wá sí i lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó pa á mọ́ fún nǹkan bí ogún ọdún, ó ń wá ẹ̀rí kún ẹ̀rí.

Ẹnì kejì ni Alfred Russel Wallace, tí a bí ní ọdún 1823. Ẹ̀yin ará, ẹ kíyè sí ẹni yìí dáadáa, nítorí ẹlẹgbẹ́ wa ni. Kò lọ sí yunifásítì. Àìlówó mú un kúrò ní iléèwé ní nǹkan bí ọmọ ọdún 14. Ó ṣe iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, ó sì di olùkọ́ ní ìlú Leicester ní ọdún 1844. Níbẹ̀ ni ó ti bá Henry Walter Bates pàdé, àwọn méjèèjì sì jọ lọ sí ẹ̀bá odò Amazon ní Brazil ní ọdún 1848 láti kó kòkòrò àti ẹyẹ jọ. Nígbà tí Wallace ń padà bọ̀ ní ọdún 1852, ọkọ̀ tí ó wọ̀ gbiná lójú òkun, púpọ̀ nínú ohun tí ó kó jọ sì ṣòfò. Kò jáwọ́. Ní ọdún 1854 ó tún gbéra lọ sí àwọn erékùṣù Ìlà Oòrùn, ní ibi tí a ń pè ní Malaysia àti Indonesia lónìí, ó sì lo ọdún mẹ́jọ níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1858, bí ibà ti dá a dùbúlẹ̀, èrò yíyàn àdánidá sọ sí i lọ́kàn, ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Darwin.

Ẹnu ya Darwin láti rí èrò ogún ọdún rẹ̀ nínú ìwé tí ẹlòmíràn kọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1858 a ka ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì papọ̀ níwájú ẹgbẹ́ Linnean Society ní London, ní oṣù kọkànlá ọdún 1859 ni Darwin sì tẹ ìwé rẹ̀ On the Origin of Species jáde. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn jà nítorí ta ni ó ṣáájú. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n jẹ́ títí Darwin fi kú ní ọdún 1882. Ṣùgbọ́n ohun kan yà wọ́n nípá gidigidi, iyè ènìyàn sì ni ohun náà.

Nígbà tí Ìmọ̀ Di Àkàbà

Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ ẹnì kẹta, Herbert Spencer, tí a bí ní ọdún 1820 tí ó sì kú ní ọdún 1903, nítorí òun ni ó fẹ́ sọ ẹfolúṣọ̀n di fìlọ́sọ́fì ohun gbogbo. Ní ọdún 1855, ọdún mẹ́rin kí ìwé Darwin tó jáde, ó ti kọ ìwé tí ó fi wí pé iyè náà dàgbà díẹ̀díẹ̀ láti inú ohun tí ó rọrùn. Láti ọdún 1862 ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé kan nínú èyí tí ó fẹ́ fi òfin kan ṣoṣo túmọ̀ gbogbo ayé, pé ohun gbogbo ń ti ipò ìrọ̀rùn bọ́ sí ipò ìdíjú. Òun, kì í ṣe Darwin, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa yíyè àwọn tí ó yẹ jù, ní ọdún 1864. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìran ẹ̀dá di àkàbà: kòkòrò wà ní ìsàlẹ̀, ẹranko wà lókè kòkòrò, àwọn ènìyàn kan wà lókè ẹranko, àwọn ará Yúróòpù sì wà ní orí òkè pátápátá. Ẹni tí ó kọ ìwé náà kò ṣàì bá ara rẹ̀ ní òkè àkàbà.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà kò mọ àkàbà. Igi ni ó mọ̀, tí ẹ̀ka rẹ̀ yọ sí ìhà gbogbo. Ẹ wo aràn gígùn pẹlẹbẹ tí ń gbé inú ìfun ènìyàn àti ẹran. Kò ní ẹnu, kò sì ní ìfun ti ara rẹ̀. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ní méjèèjì, ṣùgbọ́n ìran rẹ̀ sọ wọ́n nù, nítorí inú oúnjẹ ni ó ń gbé. Ẹ wo àwọn ẹja kan tí ń gbé inú omi ihò àpáta, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé: ojú wọn ti parẹ́. Ẹfolúṣọ̀n ni ó ṣe èyí, kì í sì ṣe gígun òkè. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé ẹ̀dá kan yẹ, ohun tí ìmọ̀ náà ń wí kò ju èyí lọ: ó bá ibí yìí mu, ní àkókò yìí.

Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ wa jù wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Àrùn kan wà tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tí ó bá jogún ìdí àrùn náà lọ́dọ̀ òbí méjèèjì ni ó ń bá jà: hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a tẹ̀ bí dòjé, a dí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, a sì fa ìrora ńlá nínú egungun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo a máa ní ìlera, ibà líle kì í sì í tètè pa á ní ìgbà èwe rẹ̀ bí ó ti ń pa ẹlòmíràn. Dókítà A. C. Allison, tí ó dàgbà ní Kenya, ni ó tẹ ẹ̀rí èyí jáde ní ọdún 1954. Ìdí nìyí tí àrùn náà fi pọ̀ ní ilẹ̀ ibà. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí kan. Bí méjì nínú irú wọn bá fẹ́ ara wọn, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí wà nínú ewu àrùn náà ní ìgbà kan nínú mẹ́rin.

Ǹjẹ́ ẹni tí ó ní ìjogún yìí yẹ ju ẹni tí kò ní in? Níbi tí ẹ̀fọn ibà wà, bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀. Ní ìlú tí kò sí ibà, rárá. Ọmọ tí ó sì jogún rẹ̀ ní ìlọ́po méjì ni ó ń fi ẹ̀mí rẹ̀ san owó ìlera àwọn ìyókù. A kò lè sọ pé gbogbo ọmọ tí a pè ní àbíkú ni àrùn yìí pa, ṣùgbọ́n ó dájú pé ó wà lára ohun tí ń pa ọmọ wẹ́wẹ́. Yíyàn àdánidá kò gbọ́ orúkọ Málọmọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ orúkọ Kòkúmọ́. Kò bínú sí ìyá ọmọ, kò sì ṣàánú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé ohun tí ó yè ni ohun tí ó dára, ẹ mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ níbẹ̀.

Àríyànjiyàn lórí Iyè

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ méjì náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1869, Wallace kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà Quarterly Review pé yíyàn àdánidá kò tó láti túmọ̀ iyè ènìyàn. Ìdí tí ó mú wá nìyí. Yíyàn àdánidá kì í fún ẹ̀dá ní ohun tí ó ju èyí tí ó nílò lọ. Wallace ti gbé láàrin àwọn ènìyàn Amazon àti ti àwọn erékùṣù Ìlà Oòrùn, ó sì mọ̀ pé ọpọlọ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti ará Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ó rò pé irú ìgbé ayé wọn kò béèrè ju ọgbọ́n tí ó fi díẹ̀ ju ti ẹranko lọ. Kí ni wọ́n wá ń fi ọpọlọ amòye ṣe? Bí wọn kò bá lò ó, yíyàn àdánidá kò lè ti fi fún wọn. Nítorí náà, agbára ọlọ́gbọ́n kan tí ó ga ju ayé yìí lọ ni ó ti pèsè rẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú. Ní ọdún 1889, nínú ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Darwinism, ó tún tẹnu mọ́ ọn, ó sì dárúkọ ìṣirò, orin, àti iṣẹ́ ọnà gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹ̀bùn tí kò lè ti ọ̀nà yíyàn àdánidá wá.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Darwin púpọ̀. Ó dá a lóhùn ní ọdún 1871 nínú ìwé The Descent of Man. Ó gbà pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin iyè ènìyàn àti ti ẹranko pọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wí pé ìyàtọ̀ ìwọ̀n ni, kì í ṣe ìyàtọ̀ irú. Ìfẹ́, ìrántí, ìbẹ̀rù, àti ìfẹ́ láti tọpinpin wà nínú ẹranko bí irúgbìn tí kò tíì hù dáadáa. Nínú ìwé kan náà ó rántí ọkùnrin adúláwọ̀ tí ó ti bá rìn rí, ó sì jẹ́rìí pé ó ya òun lẹ́nu bí iyè irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti jọ ti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tó.

Ta ni ó jàre? Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìdí ọ̀rọ̀ Wallace wò, kí a má kàn gbè sẹ́yìn ẹni tí ó wù wá. Ó wí pé ẹni tí kò mọ ìwé kì í lo ọpọlọ rẹ̀ tán. Ẹ wá bi ìyá kan tí ń ta orógbó lọ́jà, tí kò wọ iléèwé rí, ohun tí márùndínláàádọ́ta jẹ́. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ni ìṣirò. Ogún lọ́nà mẹ́ta ni ọgọ́ta. Mú mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀, ó di àádọ́ta. Mú márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta, ó di márùndínláàádọ́ta. Ìsọdipúpọ̀ kan àti ìyọkúrò méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ọmọdé ń fi ẹnu pè nígbà tí ó ń ṣeré. Adolphus Mann, òjíṣẹ́ C.M.S. tí ó ti gbé ní Ìjàyè, ṣe àlàyé ìṣirò Yorùbá yìí nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Anthropological Institute ní London ní ọdún 1887. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ni ìwé Wallace jáde, tí ó ṣì ń wí pé agbára ìṣirò kò sí, tàbí pé ó sùn, láàrin àwọn tí ó pè ní aláìlàjú. Kì í ṣe Yorùbá ni ó dárúkọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó tako èrò bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ìwé tí a tẹ̀ ní ìlú wọn.

Kí a fi ìṣirò sílẹ̀. Ọdẹ tí ń tọ ipasẹ̀ ẹtu wo koríko tí ó tẹ̀. Ó wo ewé tí ìrì ti gbọ̀n kúrò lórí rẹ̀. Ó mọ̀ pé ìrì kò tíì tún sẹ̀ sí i, nítorí náà ẹranko náà kọjá lẹ́yìn tí ìrì ti sẹ̀ tán. Ó dá àbá, ó wá ẹ̀rí, ó ṣe ìpinnu, bí ẹ̀rí mìíràn bá sì dé, ó yí ìpinnu padà. Kí ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ṣe tí ó yàtọ̀ sí èyí? Babaláwo ń kó ẹsẹ 256 odù sórí láìsí ìwé kan níwájú rẹ̀. Wallace tọ̀nà nígbà tí ó wí pé ọpọlọ àwọn ènìyàn dọ́gba, ó sì sàn púpọ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ọpọlọ, kò wo iṣẹ́ ọpọlọ. Ohun tí ó pè ní àṣẹ́kù ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń lò láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bí a bá sì ti mú àṣẹ́kù náà kúrò, àlàyé rẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró mọ́.

Ohun tí a ti rí lẹ́yìn ikú àwọn méjèèjì sì gbe Darwin ju Wallace lọ. Ní ọdún 1960, ní igbó Gombe ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tanzania lónìí, Jane Goodall rí ìnàkí tí ó ń já ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó ń ṣí ewé ara rẹ̀ kúrò, tí ó sì ń tì í bọ inú òkìtì ikán láti fi fa ikán jáde jẹ. Ẹ̀dá tí ń ṣe irinṣẹ́ fún ohun tí kò tíì rí lójú kò jìnnà sí ẹ̀dá tí ń ronú.

Ibi tí Ìmọ̀ Náà Kò Dé

Ǹjẹ́ a lè wá wí pé Darwin ti túmọ̀ iyè tán? Mo wí pé ó kù. Láti sọ ọ̀nà tí ohun kan gbà wá kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú láti sọ ohun tí ohun náà jẹ́, tàbí bóyá òtítọ́ ni, tàbí bóyá ó dára. Ẹfolúṣọ̀n lè sọ bí ọpọlọ ti di ohun tí ó lè kàwé. Ṣùgbọ́n méje àti márùn-ún jẹ́ méjìlá, bí gbogbo ènìyàn tilẹ̀ kú tán. Àwọn amòye lè fi ẹ̀rọ wo ibi tí ọpọlọ ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀gún bá gún ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹran ara ṣe ń di ìrora tí ẹnì kan ń mọ̀ lára, wọn kò tíì fi ohùn ṣọ̀kan lórí àlàyé rẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ọ̀nà ìmọ̀ sì ju ẹyọ kan lọ.

Ewu tí ó wà nínú kí a gbàgbé èyí kì í ṣe ewu orí ìwé lásán. Francis Galton, ìbátan Darwin, ni ó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ní ọdún 1883 pé kí a máa yan ènìyàn bí àgbẹ̀ ti ń yan àgbàdo, kí àwọn tí a kà sí ẹni rere máa bímọ púpọ̀, kí àwọn ìyókù má bímọ. Ní ọdún 1907 ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di òfin pé kí a gba agbára ìbímọ lọ́wọ́ àwọn kan. Ní ọdún 1933 ìjọba Jámánì ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1939 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí pa àwọn aláìsàn ọpọlọ àti àwọn abirùn. Wọ́n wí pé ìmọ̀ ni ó pàṣẹ. Ìmọ̀ kò pàṣẹ nǹkan kan. Thomas Henry Huxley, ẹni tí ó gbèjà Darwin ju gbogbo ènìyàn lọ, ti kìlọ̀ ní Oxford ní ọdún 1893 pé ìwà rere àwùjọ kò sí nínú àfarawé ìjàkadì ẹ̀dá, bí kò ṣe nínú kíkọjú ìjà sí i. Wallace pẹ̀lú kórìíra ẹ̀kọ́ Galton títí ó fi kú ní ọdún 1913.

Àkàbà tí wọ́n gbé kalẹ̀ kò sì sí nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ní ọdún 1972 Richard Lewontin ṣe ìṣirò ìyàtọ̀ tí a jogún láàrin àwọn ènìyàn ayé, ó sì rí i pé nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ wà láàrin àwọn ọmọ ìlú kan náà. Ìwọ̀nba tí ó kù ni ó ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀ sí ẹ̀yà kejì. Àwọn egungun tí ó pẹ́ jù nínú ti irú ènìyàn bíi tiwa ni a sì rí ní Áfríkà. Èyí tí a rí ní Jebel Irhoud ní Morocco, tí a kéde ọjọ́ orí rẹ̀ ní ọdún 2017, ti tó nǹkan bí 300,000 ọdún. Ìdílé kan ni gbogbo wa.

Ìmọ̀ràn fún Olùkọ́

Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ kò lè ṣàì wọlé níhìn-ín, n ó sì sọ ọ́ ní ṣókí. Wallace fi agbára òkè sí ibi tí ó rò pé ìmọ̀ kò lè dé. Ìwà yìí kò dára fún ìmọ̀, kò sì dára fún ìgbàgbọ́. Ẹni tí ó bá fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ dí ihò tí ìmọ̀ kò tíì dí, ní ọjọ́ tí ìmọ̀ bá dí ihò náà, níbo ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ yóò wà? Ìbéèrè ọ̀nà tí ẹ̀dá gbà wá àti ìbéèrè ta ni ó ni ẹ̀dá kì í ṣe ìbéèrè kan náà, kò sì yẹ kí olùkọ́ fi èkíní pa èkejì lẹ́nu mọ́, tàbí kí ó fi èkejì pa èkíní lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá wá wí fún wa pé ẹfolúṣọ̀n ni ó sọ báyìí báyìí, ẹ jẹ́ kí a bi í ní ohun mẹ́ta. Èkíní: ṣé ohun tí a rí tí a sì wọ̀n ni, bí ẹnu àwọn ẹyẹ Daphne, tàbí àbá tí a gbé karí rẹ̀? Èkejì: ṣé ohun tí ó wà ni ó ń sọ, tàbí ohun tí ó yẹ kí ó wà? Ẹ̀kẹta: ta ni ó wà ní òkè àkàbà rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni, ẹ tún ẹ̀rí rẹ̀ wò.

Ẹ̀yin ará mi, kò ní pẹ́ tí a ó fi tú ká lọ sí iléèwé ńlá àti kékeré, tí a ó sì dúró níwájú àwọn ọmọ tí a kò bí. Nínú wọn ni a ó ti rí èyí tí kò tètè mọ̀wé, èyí tí òbí rẹ̀ tòṣì, àti èyí tí ojúlé rẹ̀ jìnnà sí ọ̀nà. Bí Wallace, ọlọ́gbọ́n àti onínúure, tí ó sì jẹ́ olùkọ́ rí, bá lè gbé láàrin àwọn ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó má sì rí iṣẹ́ tí iyè wọn ń ṣe, àwa pẹ̀lú lè kọ́ ọmọ fún ọdún kan gbáko kí a má rí tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n láìbẹ̀rù, kí a sì kọ́ ọ ní kíkún. Ṣùgbọ́n kí a tó pe ọmọ kan ní olórí kunkun, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó ń fi orí náà ṣe nígbà tí ó bá kúrò níwájú wa.